Ìgbà wo ni Ìjàpá yóò dé?

Adìẹ ló ń sùn nínú rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Gíláàsì ẹ̀yìn ti fọ́, koríko ti gba abẹ́ rẹ̀ wọnú, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti rì sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ àga tó ti pẹ́ lójú kan. Volkswagen 1300 ni, ti ọdún 1970, irú èyí tí a ń pè ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto bí igbá ahun. Ẹni tó ni ín sọ fún mi pé ó ti tó ọdún 14 tó ti gbéra kẹ́yìn. Ó wá fi kún un pé, "Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ní nǹkan kan o, bátìrì ló kàn kú." Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ ìdajì kúrò nínú owó tí ẹ fẹ́ san. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, mo ti ń wà á lọ, mo ti gbé apá lé fèrèsé, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí mi lójú.

Ọdún kan ni mo pè é. Mo ní tí mo bá ń fi òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ṣe é, kó tó di ìwòyí ọdún tó ń bọ̀, a ó ti máa gùn ún. Ọdún 4 àti oṣù 7 ló gbà mí. Nínú rẹ̀, odidi ọdún kan ààbọ̀ ni tapólì fi bò ó tí n kò tilẹ̀ ṣí i wò. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń yà kí mi kì í béèrè ibi tí mo bá iṣẹ́ dé mọ́. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń pariwo pé, "Ìjàpá, ìgbà wo lo máa dé?" Èmi náà á dá a lóhùn bí Ìjàpá ṣe dáhùn: "Ó di ìgbà tí mo bá tẹ́!" A ó jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ohun tó jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, n kò ní sọ pé owó ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó lọ níbẹ̀ dáadáa. N kò sì ní sọ pé àìrí ẹ̀yà ara ọkọ̀ rà ni. Iṣẹ́ tó wù mí ni mo ń ṣe. Èyí tí ọkọ̀ fẹ́ ni mo ń sá fún. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ni kí n kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. Ìjàpá kì í ṣe ọkọ̀ tó ṣọ̀wọ́n. Ferdinand Porsche ló ṣe àwòrán rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó wà ní Wolfsburg ní Jámánì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é jáde ní pẹrẹu lẹ́yìn tí ogun àgbáyé kejì parí ní 1945. Nígbà tó di 17 oṣù Kejì 1972, ó kọjá iye Model T tí Ford ṣe, ìyẹn sì lé ní mílíọ̀nù 15. Èyí tó kẹ́yìn pátápátá jáde ní Puebla ní Mẹ́síkò ní 30 oṣù Keje 2003. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ lé ní mílíọ̀nù 21. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yà rẹ̀ kò lè tán nílẹ̀ bọ̀rọ̀, wọ́n ṣì ń rọ púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ́tun títí dòní. Ṣùgbọ́n ti pé ó jẹ́ ọ̀tun kò ní ká má yẹ̀ ẹ́ wò. Páànù ilẹ̀ ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ rà fẹ́lẹ́ débi pé mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì tẹ̀ wọnú. Ihò bóòtù rẹ̀ náà ò dọ́gba pẹ̀lú ti ara ọkọ̀, ó fi nǹkan bíi mílímítà 6 yẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fi ṣe òfin pé n kò ní ju ògbólógbòó ẹ̀yà kankan nù títí èyí tó fẹ́ rọ́pò rẹ̀ yóò fi jókòó sáyè rẹ̀, tí mo sì ti dè é. Irin àtijọ́ tí ìpẹtà ti jẹ dé ìdajì ṣì ni òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn tuntun.

Bàbá kan wà tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwa, mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n etí wọn àti imú wọn ṣì mú bí abẹ. Ọjọ́ tí a wọ́ ọkọ̀ náà délé, wọ́n wá wò ó. Wọn ò béèrè ẹ́ńjìnnì rárá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, gbé àga ẹ̀yìn yẹn sókè ná."

Abẹ́ àga ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, ni bátìrì Ìjàpá máa ń gbé. Ásíìdì tó ti ń jò díẹ̀díẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan ti jẹ irin ibẹ̀ tán. Mo gbé àga sókè, mo rí ilẹ̀ gbàgede wa. Mo rí kòkòrò kan tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀. Mo dá àga padà kíá, bí ẹni tó ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn bá àlejò tó ń wẹ̀. Bàbá wò mí, wọ́n ní, "Ibẹ̀ niṣẹ́ wà o." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ẹ ṣé sà." Bí wọ́n ṣe lọ tán, mo lọ ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ́ńjìnnì.

Ẹ má bá mi wí. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá dùn ún ṣe. Ẹ̀yìn ló wà, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò ní rédíétọ̀, kò ní omi tí yóò máa jò. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló so ó mọ́ gíyà. Ẹni tó bá ní jáàkì tó dáa àti ọ̀rẹ́ kan tó ní sùúrù yóò gbé e sílẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Kódà omi tí ń fọ gíláàsì iwájú, atẹ́gùn inú táyà àfipamọ́ ló ń tì í jáde! Mo ka èyí, inú mi dùn bí ọmọdé. Ta ló máa rí irú nǹkan báyìí tí yóò lọ máa fi burọ́ọ̀ṣì onírin ha ilẹ̀ ọkọ̀ tó ti jẹrà?

Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ti gan. Mo tú pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ń ro òróró tí ń wọnú irin sínú ihò kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọjọ́ 16. Bàbá ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fi páìpù gígùn ti sípánà lẹ́yìn, pé ẹni tó bá fi agbára yí ẹ́ńjìnnì tó gan, ríǹgì písítìnnì ni yóò ṣẹ́ sínú. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, mo gbé sípánà 30 lé bóòtù tó wà láàárín ọ̀pá kírańkì, mo rọra fà á. Kò mì. Mo dá a sẹ́yìn díẹ̀. Kò mì. Mo tún fà á síwájú, mo wá gbọ́ ohùn kékeré kan, "kẹ́", bí ìgbà tí èèyàn bá na ìka rẹ̀ tó dún. Ó ti yí. Kò ju ìbú ìka kan lọ, ṣùgbọ́n ó ti yí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òógùn ti bò mí láti orí dé ẹsẹ̀, n kò mọ̀.

Láti ibẹ̀ lọ, oṣù mẹ́ta tó dùn jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yẹn ni mo ń gbádùn. Epo tó ti pẹ́ nínú kábúrétọ̀ ti gan bí oje igi. Mo tú u wẹ́wẹ́, mo fọ̀ ọ́, mo fi atẹ́gùn fẹ́ gbogbo ojú ihò rẹ̀. Ọ́ìlì tó jáde lábẹ́ ẹ́ńjìnnì nípọn bí ọ̀dà títì. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní fílítà ọ́ìlì bíi ti ọkọ̀ ìwòyí, àwọ̀n kékeré kan ló ń sẹ́ ẹ, ọ́ìlì tó ń gbà kò sì ju lítà 2.5 lọ, ìyẹn ni pé ìwọ̀nba ìdọ̀tí díẹ̀ ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo fọ àwọ̀n náà, mo ṣètò àlàfo fáàfù sí mílímítà 0.15 nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, mo fi mílímítà 0.4 sí àlàfo kọ́ńtáàtì tó ń já iná fún pulọ́ọ̀gì. Mo ń fi aṣọ nu gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Tolú ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 nígbà yẹn, ló máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni a tan án. Tánkì kò tíì ṣeé lò, nítorí náà mo gbé jálá kékeré kan kọ́ sókè, mo fa rọ́bà láti inú rẹ̀ lọ sínú páǹpù. Ìgbà kíní, ó wúkọ́. Ìgbà kejì, ó yìnbọn láti ẹnu sáíléńsà, ìyàwó mi sì yọjú láti inú ilé. Ìgbà kẹta, ó gbà. Ẹni tó bá mọ ohùn Ìjàpá mọ ohun tí mo ń sọ: ó ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ tó wọ bàtà irin. Tolú ń fò sókè sódò. Mo yíjú sí Bàbá kí n lè rí ayọ̀ lójú wọn. Bàbá ò yọ̀ rárá. Imú wọn ni wọ́n gbé sókè. Lójijì ni wọ́n pariwo, "Pa á! Pa á!" wọ́n sì ti na ọwọ́ sí wáyà bátìrì kí n tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Rọ́bà epo tó wà lórí ẹ́ńjìnnì gan-an, tí kò gùn ju ìbú ọwọ́ lọ, ni n kò pààrọ̀. Ó dúdú, ó ń dán, mo rò pé ó dáa. Ó ti sán lábẹ́ kílíìpù, pẹtiróòlù ń kán tó-tó-tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí iná pulọ́ọ̀gì ti ń pín. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá ló jóná báyìí, nítorí rọ́bà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. A kò rí iná lọ́jọ́ náà. Mo pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo sì ra ohun tí wọ́n fi ń paná, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì níbi tí mo lè na ọwọ́ bà láì sáré gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Ó tún ku ọ̀kan tó yẹ kó tì mí lójú jùyẹn lọ. Mo tan ẹ́ńjìnnì yẹn fún bí ìṣẹ́jú méjì, mo pa á, mo tún tan án lọ́jọ́ kejì kí ọ̀rẹ́ mi lè gbọ́ ọ. Lẹ́yìn bí oṣù kan ni mo tó ṣí páànù tó bo fáànù. Eku ti kọ́ odidi ilé síbẹ̀: koríko, ìwọ̀ aṣọ, fọ́ọ̀mù àga, èèpo èso. Ibẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ ń gbà lọ tu sìlíńdà. Nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí, ìkẹta nínú sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa ń gbóná jù, torí pé ohun tí ń tu ọ́ìlì dúró sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀; orí ìyẹn sì ni ilé eku náà wà. Ká ní mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, gbogbo oṣù mẹ́ta yẹn ì bá jóná níṣojú mi. Mo ti fi ìkánjú ayọ̀ tan ohun tí n kò tíì yẹ̀ wò tán.

Ó yẹ kí n wá lọ sídìí ilẹ̀ ọkọ̀ báyìí, àbí? Mo lọ sídìí bíréèkì.

Nọ́ọ̀tì tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ti mílímítà 36, wọ́n máa ń dè é le gan-an ni, agbára tó ń gbà jẹ́ nǹkan bíi 300 Newton-mítà (òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì), ìpẹtà ọdún 14 sì ti tún fi kún un. Bàbá ti sọ fún mi, n kò lè ní n kò gbọ́: ìgbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, lórí táyà rẹ̀, ni kí n tú u. Èmi ti gbé ọkọ̀ sórí òpó irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ti bọ́ táyà, ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n dá a padà. Mo ní kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mú, mo fi páìpù gígùn kún sípánà, mo sì gun orí páìpù náà. Nọ́ọ̀tì ò tú. Ọkọ̀ ló mì. Mo rí i tí ẹsẹ̀ òpó irin kan gbéra kúrò nílẹ̀, díẹ̀ báyìí, kó tó padà. Ọmọ tó tẹ bíréèkì mú nínú ọkọ̀ náà, Tolú ni.

N kò pariwo. Mo ní, "Tolú, máa rọra bọ̀." Ó sọ̀kalẹ̀, ó lọ mu omi, kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo dá ọkọ̀ padà sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo kó sípánà sínú àpótí, mo fa tapólì bò ó. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni.

Mo ti sọ iye tó jẹ́. Kò sí ohun púpọ̀ tí mo fẹ́ sọ nípa ọdún kan ààbọ̀ yẹn. Ọkọ̀ tó wà ní odidi tí kò ṣiṣẹ́ ṣì ń jọ ọkọ̀. Èyí tí a ti tú wẹ́wẹ́ ń di ẹrù. A máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó jẹ ní gbèsè. Mo rí àwọn míì tí wọ́n ta tiwọn ní ìpele yìí, nínú páálí, ní iye tí kò tó owó páálí. Ó ye mi.

Ìyàwó mi ló sọ ọ̀rọ̀ tó wọlé. Ó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà kọjá, ó dúró, ó ní, "Bàbá Tolú, ṣé ẹ̀ ń tún ọkọ̀ yìí ṣe ni, àbí ẹ̀ ń sin ín?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní, "N ò bèèrè àlàyé. Kí ni ẹ̀ ń sá fún lára rẹ̀?" N kò rò ó kí n tó dáhùn. Mo ní, "Ilẹ̀ rẹ̀." Ó ní, "Ó dáa, ẹ fún ilẹ̀ yẹn ní wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé. Tí wákàtí kan bá pé, ẹ wọlé." Wákàtí kan náà ni mo fi ṣe gbogbo ọdún kẹta. Nígbà míì ó máa ń di mẹ́ta, ṣùgbọ́n kan péré ni mo máa ń pinnu.

Ìyà tó kọ́kọ́ jẹ mí nígbà tí mo padà, ti láílọ́ọ̀nù ni. Mo ti kó bóòtù àti nọ́ọ̀tì sínú láílọ́ọ̀nù kéékèèké, mo fi báírò kọ orúkọ sí wọn lára. Epo àti gíríìsì ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Fóònù tí mo fi ya àwòrán bí mo ṣe tú u ti bàjẹ́. Mo wá jókòó sáàárín láílọ́ọ̀nù tó lé ní 60 bí ẹni tó jókòó síwájú àlọ́ tí kò ní ìtumọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ò ti ta kókó ni apá ibi tí Tolú ti bá mi tú nǹkan: ọmọ náà máa ń dá bóòtù kọ̀ọ̀kan padà sínú ihò rẹ̀, yóò fi ọwọ́ yí i díẹ̀, yóò sì fi í síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní, "Kó má baà sọnù ni, Dádì." Bí mo ṣe ń ṣe tèmi náà nìyẹn báyìí.

Ilẹ̀ ọkọ̀ wá kàn. Igbá irin ni ara Ìjàpá. Wọ́n fi bóòtù tó lé ní 20 dè é mọ́ ilẹ̀ rẹ̀ yíká, tí a bá tú wọn tán, ara yóò ṣí kúrò lórí ilẹ̀ bí ìgbà tí a bá ṣí ìdérí àpótí. Ìdajì bóòtù náà ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àwa mẹ́fà la gbé ara rẹ̀, a gbé e lé orí igi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀pá páànù kan wà tó ní ihò nínú, tí afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ìdí ẹ́ńjìnnì máa ń gbà wá síwájú. Èèyàn lè rò pé ti ooru nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Òun gan-an ni egungun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Tèmi lápá ọ̀tún, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ débi pé mo fi ìka gún un, ìka mi sì wọlé.

Mo mú gíráńdà, mo gé e kúrò. Tuntun ti wà nílẹ̀, ó dáa, ó nípọn, inú mi ń dùn pé ìbẹ̀rù ti tán. Mo jó o mọ́ ọn. Jíjó irin tẹ́ẹ́rẹ́ gba sùúrù: mo ti fi páànù àlòkù kọ́ ọ fún bí oṣù méjì, pé kí n fi iná kàn án ní kókó kan níhìn-ín, kí n fo lọ síbi tó jìnnà, kí n jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ tutù, kí ooru má baà ká páànù kò. Ojú jíjó mi ò lẹ́wà, ó rí gbágungbàgun bí ẹni pé adìẹ ìjọ́sí padà wá yàgbẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú. Mo fi gíráńdà dán an. Mo wá gbé ilẹ̀kùn ọ̀tún kọ́, mo tì í.

Kò pa dé. Mo ṣí i, mo tún tì í. Ètè ilẹ̀kùn gun orí òpó ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ ó sì la àlàfo tí ìka méjì lè wọ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo ń ṣí i, mo ń tì í, bí ẹni pé yóò ronú pìwà dà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le láti lóye. Nígbà tí mo gé egungun yẹn kúrò, kò sí ohun tó di iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ mú mọ́ lápá ibẹ̀. Àárín rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, n kò fojú rí i, mo sì jó tuntun mọ́ ọn nínú wíwọ́ yẹn. Ohun tó yẹ kí n ti ṣe ni kí n kọ́kọ́ fi ọ̀pá irin dá ojú ilẹ̀kùn lábùú, láti òpó dé òpó, kí n jó o mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, kí n wọn ín, kí n tó fi gíráńdà kan ohunkóhun. Ọ̀pá kan. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo fi tún un ṣe. Mo gé ojú jíjó mi tí mo ń fi yangàn, mo fi jáàkì àti pátákó gbé àárín ara ọkọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, mo ń kọ́ ilẹ̀kùn, mo ń wọn àlàfo, mo ń bọ́ ọ, mo tún ń gbé e. Nígbà tó súnmọ́, mo fi ọ̀pá dá a lábùú, mo sì tún jó o. Apá òsì, ọ̀pá ni mo kọ́kọ́ fi sí. Ìyẹn pa dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ohùn kan tó dùn, "gbì", bí ilẹ̀kùn àpótí owó. Mo pe gbogbo ilé wá gbọ́ ọ.

Ìyókù yá. Nígbà tí mo ṣí bíréèkì, mo fi aṣọ tútù nu erùku inú rẹ̀, n kò fẹ́ ẹ, nítorí bàtà bíréèkì àtijọ́ sábà máa ń ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ẹ̀dọ̀fóró ni ìyẹn ń bá jà. Nọ́ọ̀tì 36 tú wọ́ọ́rọ́wọ́ pẹ̀lú táyà nílẹ̀. Tánkì epo ni n kò fọwọ́ ara mi jó. Tánkì tó ṣófo ṣì ní oru epo nínú, iná wẹ́dà kékeré lè mú kó bú gbàmù. Wáyà iná ni mo pààrọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tó ti ni ọkọ̀ yìí rí ti fi séló so nǹkan mọ́ nǹkan débi pé tí mo bá tẹ bíréèkì, iná iwájú ló ń rẹ̀ dòdò. Bátìrì tuntun ni mo fi rọ́bà tó nípọn bò lórí; irin inú àga ẹ̀yìn máa ń tẹ̀ kan orí bátìrì tí ẹni tó wúwo bá jókòó lé e, ìyẹn náà sì ti dáná sun Ìjàpá tó pọ̀.

Ọ̀dà ni n kò kùn fúnra mi. Mo fi sáńpépà 80 ha á, mo fi 180 tẹ̀ lé e, mo fi 320 parí rẹ̀, apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ṣùgbọ́n fífọ́n rẹ̀, mo gbé e fún ẹni tó ní yàrá àti ìbòmú tí atẹ́gùn mímọ́ ń gba inú rẹ̀ wá. Èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà ọkọ̀ kó lè gbẹ kankan máa ń ba èémí jẹ́, ìbòmú aṣọ kò sì lè dí i. Àwọ̀ mẹ́rin la bá lára ọkọ̀ náà bí a ṣe ń ha á: pupa, funfun, aláwọ̀ ewé, àti lábẹ́ gbogbo wọn, lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti kùn ún rí, búlúù kan tó tutù minijọ. Búlúù yẹn la dá a padà sí.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e jáde, Bàbá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọn ò sọ̀rọ̀. Mo fi gíyà kìíní gbé e, mo wọ títì. Títẹ bíréèkì rẹ̀ le, sítiárì rẹ̀ fúyẹ́, òórùn epo àti ọ̀dà tuntun kún inú rẹ̀. Nígbà tí a dé kọ́nà, ó kú. Mo tan án, ó gbà. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó tún kú láàárín ọ̀nà, ọkọ̀ mẹ́ta sì tò sẹ́yìn wa. Bàbá sọ̀kalẹ̀, wọ́n lọ sẹ́yìn pẹ̀lú súkúrù dírafà kan ṣoṣo tó wà nínú àpò wọn, wọ́n yí súkúrù kábúrétọ̀ bí ìdajì yíyí, wọ́n padà wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ebi ló ń pa á."

Nígbà tí a délé, ìyàwó mi ní kí n gbé òun náà yí ká. Ilẹ̀kùn ọ̀tún kò tíì pa dé bíi ti òsì, kò sì ní pa dé bẹ́ẹ̀ láéláé. Èèyàn ní láti gbé e sókè díẹ̀ kó tó tì í. Mo fẹ́ sọ fún un, ó ti fi itan ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbé e, ó sì tì í pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ti ń wò mí láti ojú fèrèsé ilé ìdáná láti ọjọ́ yìí wá.

Ọ̀rẹ́ mi gbọ́. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò kí mi rárá, ó ní, "Wọ́n ní Ìjàpá ti dé?"

Mo ní, "Ó dé. Ó kọ́kọ́ tẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà."